Bí a ṣe ń ṣe oníjó onípáálí tó ń gbé apá àti ẹsẹ̀ sókè bí a bá fà á lókùn

Ẹni tó bá ti dán ọmọlangidi onípáálí wò rí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. A ó gé e, a ó kùn ún, a ó so ó pọ̀, ọmọ á wá fa okùn, apá kan ṣoṣo á gbéra, èkejì á dúró gbọin-in. Tàbí kí apá méjèèjì lọ sókè, kí wọ́n má sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Tàbí kí páálí ya létí ihò nígbà tí ọmọ fà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mo ti rí i lọ́wọ́ òbí, mo ti rí i lọ́wọ́ olùkọ́, ó sì máa ń dùn mí gan-an, torí ọmọ tó ti jókòó tì yín láti àárọ̀, tó ń bá yín di páálí mú, kò yẹ kó jẹ́ ìjákulẹ̀ ló máa gbà lálẹ́.

Kì í ṣe àìmọ̀ọ́yà ló ń fà á, kì í sì í ṣe àìmọ̀ọ́gé. Ihò ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń lu ihò kan sí èjìká, wọ́n á ki òwú bọ̀ ọ́, wọ́n á máa retí pé kí apá gbéra. Ihò méjì ni apá kọ̀ọ̀kan nílò: èyí tó fi ń yí, àti èyí tí okùn fi ń fà á. Mo máa pe àkọ́kọ́ ní ihò oríkèé, mo máa pe èkejì ní ihò okùn. Ibi tí ihò okùn bọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò oríkèé ló ń sọ bóyá ọmọlangidi máa jó tàbí kò ní jó.

Oníjó bàtá la máa ṣe, torí kò sí ijó tó bá irú nǹkan yìí mu tó o: èjìká ń já, ẹsẹ̀ ń ta. Tó bá parí, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 32. Ẹ lẹ páálí lálẹ́ ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ ṣe ìyókù lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

Ohun tí ẹ máa nílò

Páálí pẹlẹbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń di kọnfíléèkì tàbí tíì. Páálí ńlá tí wọ́n fi ń kó indomie kò dára fún un. Inú rẹ̀ ní ihò-ihò bí afárá oyin, ibi tí òwú bá ti fà á ló máa rún sí.

Òwú tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìrẹsì. Òwú ìránṣọ lásán tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó máa ń gé páálí bí abẹ.

Àbẹ́là kan. A kò ní tàn án o, òwú la máa fi ra á lára.

Ìlu, tí ẹ bá mọ ṣúmẹ́kà tó lè yá yín, tàbí ìṣó méjì, tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti èyí tó tóbi díẹ̀. Àlòkù silípáàsì tí a máa tẹ́ sábẹ́ páálí nígbà tí a bá ń lu ihò. Sísọ́ọ̀sì tó mú, rúlà, pẹ́ńsù, téèpù, ègé sáńpépà kan, igi ìṣáná díẹ̀, àti káàdì ìpè kan tí ẹ ti ha tán.

Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò. Tí kò bá sí, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a ro kó ki dáadáa á ṣe é, àmọ́ á pẹ́ kó tó gbẹ, pàápàá lásìkò òjò.

Ọ̀dà tàbí bírò aláwọ̀, àti àjákù àǹkárá tàbí àdìrẹ tí ó bá wà nílé.

1. Ẹ lẹ páálí méjì pọ̀

Páálí kan ṣoṣo kò lágbára tó. Méjì la máa lẹ̀ mọ́ra. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ ìhà tó gan. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí páálí mú, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ láìjẹ́ kó kán. Ẹ yí i sí ìbú, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìhà kan á rọ̀, ìhà kejì á máa bá yín jà. Ìhà tó ń bá yín jà yẹn ni kí gígùn apá àti ẹsẹ̀ bọ́ sí. Tó bá jẹ́ ìhà tó rọ̀ ni, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan apá oníjó á tẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ọfà sí ìhà tó gan lórí páálí méjèèjì, kí ọfà méjèèjì kọjú síbì kan náà nígbà tí ẹ bá ń lẹ̀ ẹ́.

Ẹ ta gọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dé gbogbo etí. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìṣe rèé: wọ́n á da gọ́ọ̀mù púpọ̀, páálí á mu omi, á sì wú. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí gọ́ọ̀mù ń yọ létí, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fi ọ̀rá tẹ́ ẹ lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ gbé ìwé wúwo lé e, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé e sórí tábìlì. Igun kankan kò gbọdọ̀ gbérí. Tí ẹ bá fi ìka ta á, ó gbọ́dọ̀ dún kó. Tí ohùn rẹ̀ bá rẹlẹ̀ bíi ti aṣọ tútù, kò tíì gbẹ.

2. Ẹ ya ẹ̀yà mẹ́sàn-án, kí ẹ gé wọn

Orí àti ara jẹ́ ẹyọ kan: sẹ̀ǹtímítà 20 ní gígùn. Orí gba 6, ọrùn gba 1, ara gba 13. Fífẹ̀ ara jẹ́ 9 ní èjìká, 8 ní ìbàdí.

Apá òkè méjì: gígùn 8.5, fífẹ̀ 3 ní orí, kó máa tín-ín-rín bọ̀ títí dé 2.

Apá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, méjì: gígùn 8, fífẹ̀ 2.

Itan méjì: gígùn 9, fífẹ̀ 3 ní orí.

Ojúgun pẹ̀lú ẹsẹ̀, méjì: gígùn 9.

Kí orí gbogbo apá àti itan rí róbótó. Igun tó bá ṣẹ́ ṣóńṣó ló ń kọ́ okùn nígbà tó bá ń yí.

Ó lè wù yín láti fi kún gígùn apá, torí oníjó tó ní apá gígùn dára lójú. Ẹ má fi kún apá òkè. Láti oríkèé èjìká sí oríkèé ìbàdí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9.5, orí itan sì yọ sókè ju oríkèé rẹ̀ lọ ní 1.5. Àyè tó kù fún apá òkè kò ju 8 lọ, tiwa sì dé 7. Tí ẹ bá fi kún un, ìgbọ̀nwọ́ á sọ̀ kalẹ̀ á lọ forí gbá itan lẹ́yìn ara, àwọn méjèèjì á há mọ́ra. Apá ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi kún, torí ẹ̀yìn itan ló ń gbà kọjá.

Ẹ tún gé róbótó kéékèèké mẹ́rìndínlógún, tí ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Wọ́n á wúlò tí a bá dé oríkèé.

*Àyẹ̀wò:* ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bí èèyàn tó nà gbalaja. Ẹ wò ó bóyá òpin apá òkè àti orí itan jìnnà síra tó sẹ̀ǹtímítà kan.

3. Ẹ lu ihò

Ibí ni kí ẹ ti rọra. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n tó bá wà ní títàn.

Lára: ihò oríkèé èjìká wà ní 1.5 sísàlẹ̀ ibi tí ọrùn parí sí, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí wọ́n jìnnà síra ní 7. Ihò oríkèé ìbàdí wà ní 9.5 sísàlẹ̀ ti èjìká, wọ́n sì jìnnà síra ní 4.

Lórí apá òkè àti itan: ihò oríkèé wà láàárín fífẹ̀, ní 1.5 láti òkè. Ihò ìgbọ̀nwọ́ àti ti orúnkún wà ní 1 láti ìsàlẹ̀. Apá ìsàlẹ̀ àti ojúgun ní ihò kan péré, ní 1 láti òkè wọn.

Ó wá kan ihò okùn, èyí tó wà lórí apá òkè àti itan nìkan. Ẹ gbé ẹ̀yà náà kalẹ̀, kí ojú tí a máa kùn wà lókè. Fún apá àti itan tó wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ ti ihò oríkèé wọn mílímítà 7 sí ọ̀tún, kí ẹ wọn mílímítà 7 sókè, kí ẹ fi àmì síbẹ̀. Fún tọwọ́ ọ̀tún yín, mílímítà 7 sí òsì, mílímítà 7 sókè. Ní kúkúrú, ihò okùn gbọ́dọ̀ wà lókè, kó sì kọjú sí àárín ara.

Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ ga ju ihò oríkèé lọ? Torí pé àárín ara ni okùn ń fà á sí. Tí ihò okùn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò oríkèé tààrà, fífà náà kàn máa tẹ apá mọ́ oríkèé ni, kò ní yí i. Tó bá wà lókè, apá á yí síta, á sì gòkè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí pátá ni pé kí a lu apá méjèèjì bákan náà. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méje. Mo fi apá kan ṣe àwòṣe, mo lu èkejì gẹ́gẹ́ bó ṣe wà láìdà á dé. Ọmọ náà tẹ ahọ́n mọ́ ètè, ó rọra fa okùn. Apá kan dìde, èkejì ká wọ inú, ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn àyà. Ó bi mí pé, “Ṣé ọwọ́ ń dùn ún ni?” Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gé apá tuntun lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kí n tó lu ihò kankan, mo máa ń to apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, màá sì wò ó bóyá àmì ihò okùn méjèèjì kọjú síra bí ojú èèyàn méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ tẹ́ silípáàsì sábẹ́, kí ẹ máa yí ìlu bí ẹ ṣe ń tì í wọlé. Ẹ má fi òòlù gbá a, torí ìyẹn ló ń fa páálí ya. Ihò oríkèé tó mílímítà 3, ti okùn kò ju ìdajì ìyẹn lọ. Àárín àwọn róbótó kéékèèké náà, ihò tín-ín-rín ni kí ẹ lu sí i. Ìlu máa ń ti páálí yọ létí ihò lódì kejì. Ẹ fi sáńpépà ra á títí á fi tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ oníjó tí kò lè yí, òkè kékeré yẹn ló ń dí i lọ́wọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbé apá sẹ́yìn ara, kí ẹ ki igi ìṣáná gba ihò oríkèé àwọn méjèèjì kọjá. Ẹ gbé e dìde. Apá gbọ́dọ̀ máa mì fúnra rẹ̀. Ẹ wá fi èékánná ti ibi ihò okùn sísàlẹ̀. Tí apá bá ṣí lọ síta, tó sì gòkè, ẹ kú iṣẹ́. Tó bá ká wọ àyà, apá òdìkejì lẹ mú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún itan náà.

4. Ẹ kùn ún

Ìsinsìnyí ni kí ẹ kùn ún, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán. Ọ̀dà tó bá wọ oríkèé á lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ kun ẹ̀yìn náà, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, torí páálí tí a kùn lójú kan máa ń ká.

Àǹkárá dára fún bùbá àti ṣòkòtò, ó sì máa ń dùn mọ́ àwọn ọmọ láti mú àjákù aṣọ tí wọ́n mọ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má lẹ aṣọ dé orí apá àti orí itan, ibi tó ń yí lẹ́yìn ara. Aṣọ ń di aṣọ mú. Ẹ dá a dúró ní sẹ̀ǹtímítà 3 láti òkè.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka ra ojú rẹ̀. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí gbogbo ihò sì ṣì ṣí sílẹ̀, ó ti yá.

5. Ẹ so oríkèé

Ẹ fa òwú gba ara àbẹ́là kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀rá àbẹ́là ń mú kó yọ̀ nínú ihò, ó sì ń jẹ́ kí kókó dì.

Ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún ni kí ẹ kọ́kọ́ so. Bí ẹ ṣe máa tò ó nìyí: kókó, róbótó, apá òkè, apá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, róbótó, kókó. Ẹ̀yìn ni apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Tó bá wà níwájú, etí ara á máa kọ́ ọ. Tí ẹ bá ti so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá so èjìká àti ìbàdí: kókó, róbótó, ara, apá tàbí itan, róbótó, kókó.

Gbogbo èèyàn ló ń so ó le jù. Ó jọ pé ọwọ́ wa kò fẹ́ gbà pé nǹkan tó dẹ̀ lè lágbára. Káàdì ìpè ló ń bá mi wo àìsàn yìí. Ẹ la ẹnu sí i bí orí fọ́ọ̀kì, kí ẹ ki i sáàárín ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn àti róbótó rẹ̀, kí òwú wà nínú ẹnu tí ẹ là. Ẹ wá fa kókó ìkẹyìn kó le dáadáa lórí róbótó, lẹ́yìn náà kí ẹ yọ káàdì kúrò. Àyè tó fi sílẹ̀ kò ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ ta gọ́ọ̀mù bíńtín sórí kókó nìkan, kí ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sínú ihò.

*Àyẹ̀wò:* ẹ di orí oníjó mú, kí ẹ mì í díẹ̀. Apá, itan, ojúgun, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fì. Ẹ dorí rẹ̀ kodò: gbogbo ẹ̀yà gbọ́dọ̀ ṣubú lọ síhà orí. Èyí tó bá dúró, ẹ gé òwú rẹ̀, kí ẹ tún un so. Ẹ má sọ pé á dẹ̀ tó bá yá. Kì í dẹ̀, páálí ló máa ń ya.

6. Ẹ so okùn

Ẹ dojú oníjó bo tábìlì. Ẹ to apá àti ẹsẹ̀ bí wọ́n ṣe máa rí tó bá dúró jẹ́ẹ́, ní sísọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá fi téèpù mú wọn mọ́ tábìlì. Téèpù yìí ṣe pàtàkì, torí bí ẹ ti ń so ọ̀kan ni èkejì ń sá.

Ẹ so òwú láti ihò okùn apá kan sí ti apá kejì. Kó nà tààrà, kó má rọ̀, kó má sì fa apá. Ẹ so òmíràn sáàárín ihò okùn itan méjèèjì lọ́nà kan náà.

Ẹ wá mú òwú gígùn kan, tó tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹ so orí rẹ̀ mọ́ àárín òwú apá gangan. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ mú un sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ àárín òwú itan, kí èyí tó wà láàárín àwọn méjèèjì nà, kó má dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyókù máa fì nísàlẹ̀, kí ẹ sì so ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan sí i fún ọmọ láti dì mú. Kékeré ni mo sọ o. Ìlẹ̀kẹ̀ wúwo á máa fa apá sókè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn ère kan wà lórí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ẹni tó gbé e ń fi okùn mú jó láti abẹ́ aṣọ.

*Àyẹ̀wò:* kí ẹ tó yọ téèpù, ẹ fi ìka kan òwú kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ nà bákan náà.

7. Ẹ gbé e kọ́, kí ẹ fà á

Ẹ lu ihò kan sí àtàrí, gẹ́lẹ́ láàárín, kí ẹ fi òwú so ó kọ́ sára ìṣó. Ẹ fà á jẹ́ẹ́, kì í ṣe ní jíjá. Sẹ̀ǹtímítà méjì péré ti tó láti gbé gbogbo rẹ̀ sókè.

Bí apá kan bá ga ju èkejì lọ, okùn gígùn kò sí láàárín. Ẹ sún kókó rẹ̀ díẹ̀ síhà apá tó rẹlẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ bá ta kí apá tó gbéra, òwú tó wà láàárín apá àti itan dẹ̀. Bí apá bá gbéra tí ẹsẹ̀ kò gbọ́, òwú itan ló rọ̀.

Bí apá kò bá padà wálẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìlẹ̀kẹ̀, kí ẹ wo oríkèé lẹ́yìn rẹ̀. Tí kò bá sí ohun tó ṣe méjèèjì, ó fúyẹ́ jù nìyẹn. Ẹ lẹ ègé páálí méjì-mẹ́ta sẹ́yìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwúwo yẹn ló ń fà á wálẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ojúgun ta fìà bíi ti oníjó gidi.

Bí ihò okùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ẹ lẹ téèpù sójú àti ẹ̀yìn, kí ẹ lu ihò náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má sún un.

Ẹ gbé e kọ́ síbi tí òjò kò lè ta sí i, ní gíga tí ọwọ́ ọmọ á fi lè dé ìlẹ̀kẹ̀ láìfò. Tó bá ní láti fò kó tó mú un, á já a lulẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.